Ọ̀pẹ Kẹrin

Ẹni tó bá ń ta àgádágodo, kò lè ṣe kó má mọ̀ pé olè pọ̀ láyé. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí èmi Ròkíátù ti ń tà á ní Ìbàfò, àgádágodo, ìṣó, àti ọ̀dà. Àwọn kan máa ń sọ pé mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Irọ́ ni wọ́n pa. Ojú mi là ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń sáré wá tí wọ́n bá jà wọ́n lólè tán.

Ilé tí ọkọ mi Màmúdù kọ́ ni mò ń gbé, lẹ́yìn márosẹ̀, níbi tó jẹ́ igbó nígbà tá a débẹ̀. Nígbà tó yá, ó ra ilẹ̀ kan kún un lẹ́yìn ilé, ó sì gbin ọ̀pẹ sáwọn igun rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Màmúdù fẹ́ràn ọ̀pẹ yẹn ju ẹran ọdún lọ. Á ṣán ìdí wọn, á gé imọ̀ tó bá ti gbẹ, á ní kí n má da omi ọṣẹ síbẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó sọ fún mi pé ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, ti Kaosarah ni. Kaosarah nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́hun fi sílẹ̀ fún wa. Arepo ló ń gbé, òun àti ọmọ mẹ́ta, nínú yàrá kan àti pálọ̀, onílé wọn sì ń fojú wọn rí màbo. Tí mo bá kú láìfi ilẹ̀ yẹn lé e lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wí fún bàbá ẹ̀ tá a bá pàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ ilẹ̀ náà bí ẹyinjú mi.

Ọ̀ṣuntóyìn ni ayálégbé wa. Ọmọ Ìkirè ni, iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe, ó ń lẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ilé àti ara ògiri fáwọn èèyàn, òun àti Folúkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ló gba yàrá méjì tó kọjú sẹ́yìn. Màmúdù ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n kó dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í bá ìyàwó ẹ̀ jà. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọkùnrin tí kì í bá ìyàwó ẹ̀ jà, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bádéjọ ló ra ilẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn tiwa. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó ra àgádágodo ńlá mẹ́fà, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Èmi tí mo máa ń wo oníbàárà látòkè délẹ̀, mi ò wo tiẹ̀. Ìgbà tó ń lọ ló yíjú padà.

"Màmá, ta ló gbin ọ̀pẹ kékeré tó wà nígun ẹ̀yìn lọ́hùn-ún? Ó mà ti ń dàgbà o."

"Ọ̀pẹ wo?" ni mo bi í.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ sí i ni," ló wí, ó sì lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti dé ẹ̀yìn gbẹ̀yìn, torí orúnkún mi. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo ilẹ̀ náà, ògiri balùwẹ̀ sì bo igun yẹn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ náà, mo fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ọ̀pẹ mẹ́ta tí Màmúdù gbìn dúró sípò wọn, wọ́n ga fíofío. Ní igun kẹrin, mo bá ọ̀pẹ ọ̀dọ́ kan tí imọ̀ rẹ̀ ti ga jù mí lọ. Wọ́n ti ro ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n to imọ̀ gbígbẹ yí i ká kí ọ̀rinrin má bàa fi ilẹ̀ sílẹ̀. Mo rántí pé ọ̀pẹ kan ti wà níbẹ̀ rí. Atẹ́gùn ló wó o nígbà tí Màmúdù wà lórí àìsàn, a fi dáná. Ṣùgbọ́n tiwa nìyẹn. Ta ló gbin èyí?

Kí ẹ tó ní ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ kò tó ohun tí èèyàn ń gbóná lé lórí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá mi fi kọ́ wa. Ọmọ Ifọ̀ ni bàbá mi, àgbẹ̀ paraku. Ó máa ń fún àlejò nílẹ̀ dáko, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ fún gbogbo wọn: gbin ẹ̀gẹ́, gbin àgbàdo, gbin ewébẹ̀, àmọ́ má gbin ọ̀pẹ, má gbin obì. Ẹ̀gẹ́ á kúrò nílẹ̀ tó bá tó àsìkò. Ọ̀pẹ máa bá ọmọ ọmọ ẹ níbẹ̀. Ọjọ́ tí àlejò bá ti gbin ọ̀pẹ ló ti ń mú ilẹ̀ lọ, ọjọ́ tí ẹ bá sì dé kọ́ọ̀tù, á ní kí adájọ́ wá wo ọ̀pẹ òun. Kò sí ọmọ ilẹ̀ tí kò mọ èyí.

Mo pe Ọ̀ṣuntóyìn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, àtẹ̀ táìsì ṣì wà lápá ẹ̀.

"Ta ló ní kó o gbin ọ̀pẹ sílẹ̀ mi?"

"Bàbá ni, Màmá. Nígbà tí wọ́n wà lórí ibùsùn. Wọ́n ní kí n wá ọmọ ọ̀pẹ tó dáa, kí n gbìn ín síbi tí èyí tó wó wà gẹ́lẹ́, kí n má jẹ́ kí igun yẹn ṣófo. Ọ̀dọ̀ bàbá mi n'Ìkirè ni mo ti gbé e wá."

"Kí nìdí tí igun ò fi gbọ́dọ̀ ṣófo?"

"Wọn ò sọ fún mi, Màmá. Mo rò pé ẹ̀yin náà mọ̀ ni."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́?"

"Èmi àti Bàbá nìkan ni."

Ẹ ò rí nǹkan. Òkú ni ẹlẹ́rìí ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ opó, ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn: ọkọ yín ló fún mi, ọkọ yín ló ní kí n ṣe é. Òkú kò ṣeé bi léèrè. Mo ní kó máa lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Mo gbé àpótí ìjókòó mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀. Tí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà mi, kí wọ́n lè rò pé Ọlọ́hun ni mò ń pè. Ọlọ́hun náà mọ̀ pé ojú mi kò sí lọ́dọ̀ òun. Ohun tí mo rí láàárín oṣù méjì yẹn, ẹni tí kò lójú nìkan ni ò ní fura.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi okùn tó fi ń ṣiṣẹ́ táìsì wọn ilẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ ńlá dé ìdí ọ̀pẹ kékeré, ó tún wọ̀n ọ́n gba apá kejì. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbìn ín síbi tó yẹ ni. Ìgbà tó yá, mo rí ohun funfun kan nídìí ọ̀pẹ náà. Mo ṣe bìsìmílàhì, mo bù ú tọ́ wò. Iyọ̀ ni. Mo ní ó dáa, ẹni tó bá ń fi iyọ̀ bọ́ igi, ó fẹ́ kí igi náà pẹ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ kí igi òun pẹ́, òun náà fẹ́ẹ́ pẹ́ níbẹ̀.

Ti òdòdó ló wá burú jù. Ọ̀pẹ náà yọ òdòdó láàárín imọ̀, ó sì fi ọ̀bẹ gé gbogbo ẹ̀ dànù. Mi ò rí irú ẹ̀ rí, kí èèyàn máa gé ohun tó fẹ́ di ẹyìn. Mo bi í. Ó ní bí bàbá òun ṣe ń tọ́jú ọ̀pẹ nìyẹn, pé tí ọ̀pẹ ọ̀dọ́ bá tètè so, gbogbo agbára ẹ̀ ló máa bá èso lọ, ìdí ẹ̀ ò ní nípọn. Ó ní tí wọ́n bá gé e dànù fún ìgbà díẹ̀, tó bá wá so nígbà tó yá, á so àsogbè.

"Nígbà tó bá yá, ọdún wo nìyẹn?" ni mo bi í.

"Á máa so lọ títí ogún ọdún ni, Màmá."

Ogún ọdún. Ayálégbé wo ló ń ro ti ogún ọdún nílé onílé?

Ọjọ́ kan ni Folúkẹ́ ń bomi rin ọ̀pẹ náà, mo gbọ́ tó ń sọ fún un bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ pé, "Ọ̀pẹ̀kẹ́tẹ́ ń dàgbà, inú adámọ̀ ń bàjẹ́." Ta ni adámọ̀? Ta ni inú ẹ̀ ń bàjẹ́ nínú ilé yẹn, tí kì í bá ṣe èmi? Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo pe Kaosarah lórí fóònù, mo ní wọ́n ti fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀ o, Màámi. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo." Ọmọ tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ sunkún, ẹ̀rín ló ń rín.

Ohun tó wá gbé mi dìde ni fọ́tò. Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, mo rí Ọ̀ṣuntóyìn tó ní kí Folúkẹ́ dúró ti ọ̀pẹ náà, kó fọwọ́ lé imọ̀ ẹ̀, ó sì ń yà á. Ó yà á tòun ti ògiri, ó tún yà á tòun ti ọ̀pẹ ńlá méjì tó wà níwájú. Mo dìde lórí àpótí. Mi ò tiẹ̀ rántí pé orúnkún ń dùn mí.

"Mú fóònù yẹn wá."

Ó mú un wá. Mo bá fọ́tò ọ̀pẹ níbẹ̀ lóṣooṣù, láti ìgbà tí kò tíì ga ju ike omi lọ. Ó ní bàbá òun kò ní fóònù tó ń gba fọ́tò, pé tóun bá lọ sílé lọ́dún lòun máa ń fi hàn án, kó lè sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ gbọ́ irọ́ tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Èmi mọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n máa ń kó dé iwájú adájọ́ ni.

"Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́," ni mo wí. "Lójú mi níbí."

Folúkẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ ẹ̀ fọwọ́ kàn án pé kó dákẹ́. Ó ń pa wọ́n rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi náà dúró tì í, mò ń wò ó, títí kò fi sí ẹyọ kan mọ́. Mo wá sọ fún un pé kí wọ́n wá ilé míì, oṣù kan ni mo fún wọn. Kò bẹ̀ mí. Ìyẹn náà tún bí mi nínú, torí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ máa ń bẹ̀bẹ̀.

Mi ò dúró dìgbà tí oṣù kan máa pé kí n tó hú ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń wá ẹni tó máa bá mi hú u, Bádéjọ gbọ́. "Màmá, ẹ má dara yín láàmú," ló wí, ó sì fi lébìrà méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Kò ju wákàtí kan ààbọ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ tòun ti erùpẹ̀ ìdí ẹ̀, wọ́n sì tì í ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n dí ihò náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa. Èmi ni mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo sùn dáadáa.

Nígbà tí Ọ̀ṣuntóyìn ń kó lọ, òun àti dẹ́rẹ́bà gbé ọ̀pẹ náà sórí ẹrù. Ó ti gé imọ̀ ẹ̀ kúrú, ó fi àpò ọ̀rá di ìdí ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Mo ní kó máa gbé òkú igi ẹ̀ lọ.

Kò ju oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn tí Bádéjọ bẹ̀rẹ̀ fẹ́ǹsì. Mo dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo bá àwọn lébìrà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ nínú ilẹ̀ mi. Kì í ṣe etí ilẹ̀ o, àárín ilẹ̀ gan-an. Wọ́n ti na okùn láti ìdí ọ̀pẹ ńlá kan sí ìdí èkejì, ó gba àárín kọjá bí ẹni gé búrẹ́dì láti igun dé igun, igun kẹrin sì ti wà lọ́dọ̀ tiẹ̀. Iyanrìn tírélà kan ti wà lórí ibi tá a ti hú ọ̀pẹ.

Mo pariwo, àdúgbò pé lé wa lórí. Bádéjọ dé, ó tún dọ̀bálẹ̀. Láàárín gbogbo èrò ló dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ìwé yín ni mo tẹ̀lé, ẹ̀dà ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìdílé tó ta ilẹ̀ fún yín. Ẹ ní kí ẹni tó bá mọ̀wé kà á fún yín."

Kaosarah ti Arepo dé lọ́jọ́ kejì. A ṣí àpótí Màmúdù, tí mi ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti kú, torí èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ni. Ìwé ilé wà lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀. Kaosarah kà á sókè: wọ́n ta ilẹ̀ yìí fún Màmúdù láti ọ̀pẹ dé ọ̀pẹ, títí yóò fi yí padà dé ọ̀pẹ àkọ́kọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò kọ iye ẹsẹ̀ bàtà, wọn ò kọ iye ọ̀pẹ, kò sì sí ìwé sọ̀fíyọ̀. Ọmọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbójú sókè wò mí.

A ké sí ìdílé tó ta ilẹ̀ náà. Mùsáfírù ló wá, ọmọ bàbá tó fọwọ́ sí ìwé. Bàbá náà ti kú, ẹlẹ́rìí méjèèjì ti kú. Mùsáfírù rìn yí ilẹ̀ ká, ó ń ka ọ̀pẹ.

"Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á," ló wí. "Ohun tí ìwé wí ni mo lè sọ. Láti ọ̀pẹ dé ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ mẹ́ta ni mo rí."

"Mẹ́rin ni," ni mo wí. "Mẹ́rin ni ọkọ mi gbìn."

"Ó dáa, Ìyá. Ọ̀kan tó kù dà?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Kí ni kí n wí? Kí n ní èmi ni mo hú u, tí mo tún ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e lórí? Mo ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ti ń pa làpálàpá. Àwọn aládùúgbò mọ̀ pé ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí èmi fúnra mi ti fẹnu mi sọ káàkiri àdúgbò ni wọ́n mọ̀, pé ọ̀pẹ ayálégbé ni, pé kì í ṣe ọ̀pẹ wa. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá Bádéjọ ti mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn lọ́jọ́ tó wá ra àgádágodo. Mo máa ń jí lóru bi ara mi.

Mówè ni Ọ̀ṣuntóyìn kó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ilé ẹ̀, èmi àti Kaosarah, à ń bi àwọn tó ń ta táìsì léèrè. Nígbà tá a débẹ̀, òun ló jáde sí wa. Mo fi orúnkún mi tó ń dùn mí yìí kúnlẹ̀ lórí kọnkéré. Ó sáré wá gbé mi.

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Àgbà bíi tiyín kì í kúnlẹ̀ fún mi."

Mo rojọ́ fún un. Kò yọ̀ mí. Ó kàn ń gbọ́, ó ń fi èékánná họ àtẹ̀ lápá. Mo bi í ní ti fọ́tò, bóyá ọ̀kan ṣì ṣẹ́ kù níbì kan.

"Ẹ ní kí n pa á rẹ́, Màmá. Ẹ dúró tì mí."

"Wá bá mi jẹ́rìí nígbà náà. Wá sọ ohun tí Bàbá sọ fún ẹ fún wọn."

"Màá wá," ló wí. "Ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n wá, màá wá. Àmọ́ wọ́n máa bi mí pé ta ló wà níbẹ̀." Kò fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti rò ó títí tí kò rí ọ̀nà àbáyọ ni. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì, ọ̀pẹ wa dúró síbẹ̀. Ó ti yọ màrìwò mẹ́ta, tútù yọ̀yọ̀. Folúkẹ́ jáde pẹ̀lú ife omi, ó rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì lọ bu omi náà sídìí ọ̀pẹ.

"Ó mà yè," ni mo wí. "Kí ló dé tó o fi sínú dúrọ́ọ̀mù? Kò ní lè nà níbẹ̀."

"Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, Màmá," ni Ọ̀ṣuntóyìn dáhùn. "Àlejò kì í gbin ọ̀pẹ."

Mi ò lè wo ojú ẹ̀. Ó ní tiwa ni, pé òun kàn ń bá Bàbá tọ́jú ẹ̀ ni, ká wá ọkọ̀ ká máa gbé e lọ sílé.

Kaosarah fọwọ́ kan màrìwò náà.

"Ilé ibo?" ló bi mí. "Màámi, ibo la fẹ́ gbìn ín sí?"